Ariwo Tó Bẹ̀rẹ̀ Lẹ́yìn Àtúnṣe: Bí A Ṣe Ń Tọpa Rẹ̀ Lára Ọkọ̀ Tó Ti Ní Ìjàǹbá

Ọkọ̀ tó ní ìjàǹbá lè ti ọ̀dọ̀ pánẹ́ẹ̀lì-bítà dé kó máa dán gbinrin. Bọ́nẹ́ẹ̀tì á padé, iná iwájú á tàn, ẹni tó bá rí i lójú títì kò ní mọ̀ pé ó forí sọ nǹkan rí. Ìgbà tó bá wọ kòtò àkọ́kọ́ ni ohun kan á dún nísàlẹ̀: kọ̀, kọ̀, kọ̀. Ẹni tó ni ọkọ̀ á dá a padà. Ọ̀gá mẹkáníìkì á wà á yípo àdúgbò, á ní òun kò gbọ́ nǹkan kan, tàbí kó ní ṣọ́ọ̀kì ni. Wọ́n á pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kì, ariwo á ṣì wà níbẹ̀. Wọ́n á pààrọ̀ bọ́ọ̀lù-jọ́ìntì, ariwo kò ní lọ. Nígbà tó bá yá, ẹni tó ni ọkọ̀ á yí rédíò sókè, á sì máa wà á lọ bẹ́ẹ̀.

Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Ariwo tí kò sí lára ọkọ̀ tẹ́lẹ̀, tó wá bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn àtúnṣe, ní ìdí tí ojú lè rí, tí ọwọ́ sì lè tọ́. Ìlànà wà tí a fi ń wá a, kókó ìlànà náà kò sì ju ọ̀kan lọ: a kò gbọdọ̀ ra ohunkóhun títí a ó fi lè mú kí ariwo náà dákẹ́, kí a sì mú kó padà wá, nígbà tí a bá fẹ́. Bí a ṣe ń dé ibẹ̀ ni mo fẹ́ ṣàlàyé.

Ohun tí ìkọlù ń ṣe sára ọkọ̀

Ní 1952, Béla Barényi, ẹnjiníà tó ń bá iléeṣẹ́ Mercedes-Benz ṣiṣẹ́ ní Jámánì, gba ìwé àṣẹ oníhùmọ̀ lórí èrò kan: kí iwájú àti ẹ̀yìn ọkọ̀ máa rún nígbà ìkọlù, kí àárín tí èèyàn jókòó sí sì le gbagidi. Ní 1959, Mercedes mú ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní W111 jáde pẹ̀lú ètò yìí, àwọn iléeṣẹ́ yòókù sì tẹ̀ lé e. Ohun tó ń gba ẹ̀mí là ni. Irin iwájú á ká kí egungun èèyàn má baà ṣẹ́.

Àmọ́ agbára ìkọlù kì í dúró síbi tí ọkọ̀ ti gbá nǹkan. Ọkọ̀ kékeré bíi Corolla tàbí Camry kò ní ṣásí ọ̀tọ̀ bíi ti ọkọ̀ akẹ́rù. Awẹ́ irin pẹlẹbẹ ni wọ́n jó pọ̀ ní ojú ẹgbẹẹgbẹ̀rún títí ó fi di odindi ara kan. Ohun tó gbá bọ́ńpà lápá ọ̀tún lè ti férémù tí ẹ́ńjìnnì jókòó lé sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó lè tẹ abọ́ irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó wà lẹ́yìn díìsì bíréèkì, ó sì lè ṣí ojú ibi tí wọ́n ti jó irin pọ̀ nítòsí ìlẹ̀kùn. Ojú kì í tètè rí ìwọ̀nyí, nítorí fẹ́ńdà àti ọ̀dà tuntun ti bò wọ́n.

Àtúnṣe náà ní tirẹ̀. Kí pánẹ́ẹ̀lì-bítà tó lè na irin, ó ní láti tú bọ́ńpà, iná, rédíétọ̀, fáànù, ike tó bo inú fẹ́ńdà, àti nígbà mìíràn ẹsẹ̀ táyà lódindi. Bí kílíìpù kan bá já tí wọn kò fi òmíràn sí i, ike náà á máa lu táyà. Bí páìpù éásì bá fara ti irin níbi tí kò yẹ, á máa gbọ̀n jìì. Bí wọ́n bá bó fóòmù tàbí awẹ́ ọ̀dà dúdú tó ń pa ohùn mọ́lẹ̀ nínú irin, tí wọn kò dá a padà, ariwo títì á wọlé ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Nọ́ọ̀tì kan tó bọ́ sínú ihò irin á máa yí gbirigbiri nígbàkígbà tí ọkọ̀ bá tẹ̀.

Ó sì ku ohun kan tó yẹ ká gbà pẹ̀lú òótọ́ inú: ariwo mìíràn ti wà lára ọkọ̀ tipẹ́. Etí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ná owó ńlá sórí ọkọ̀ máa ń là ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìdí nìyí tó fi dára kí a bi ẹni tó máa ń bá wa wọ ọkọ̀ náà bóyá òun náà rántí pé ó dún bẹ́ẹ̀ rí.

Ìṣọ́ra lákọ̀ọ́kọ́

Àwọn ariwo kan kò gba kí a máa wakọ̀ kiri ká tó mọ ìdí wọn. Bí sítíárìn bá ń gbọ̀n, bí bíréèkì bá ń fa ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bí ariwo bá ń pọ̀ sí i láàárín ọjọ́ díẹ̀, tàbí bí òórùn rọ́bà tó ń jó bá jáde, ẹ gbé ọkọ̀ dúró. Nọ́ọ̀tì táyà ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Agbára tí Toyota sọ pé kí a fi dè é lára Corolla jẹ́ 103 newton-mítà, èyí tí sípánà tó ń ka agbára lè fi hàn. Lẹ́yìn tí wọ́n bá tú táyà tí wọ́n sì dè é padà, ó dára kí a tún un yẹ̀ wò lẹ́yìn nǹkan bí 80 sí 100 kìlómítà. Nọ́ọ̀tì tó dẹ̀ lè dún kọ̀, kọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kí táyà tó yọ lórí eré.

Kí ẹnikẹ́ni má sì ti orí bọ abẹ́ ọkọ̀ tó jẹ́ jáàkì nìkan ló gbé e dúró. Ẹ gbé e lé ìdúró irin, ẹ fi igi dí àwọn táyà tó wà nílẹ̀, ẹ tì í wò kí ẹ tó wọlé. Ariwo kankan kò tó ohun tí a ń fi ẹ̀mí wá.

Bíbi ariwo léèrè

Iṣẹ́ tó kù bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú bírò àti ìwé. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: báwo ló ṣe ń dún? Ẹ̀bùn wà nínú èdè wa fún irú iṣẹ́ yìí, ẹ má ṣe tijú láti sín ariwo náà jẹ gẹ́lẹ́ bó ṣe ń dún. Gbì kan ṣoṣo nígbà tí a fi ọkọ̀ sí gíà yàtọ̀ sí kọ̀-kọ̀-kọ̀ lórí kòtò. Wùùù tó ń lọ sókè bí eré ṣe ń pọ̀ yàtọ̀ sí ṣà, ṣà, ṣà tó ń bá táyà yí. Ṣẹẹẹrẹ bí irin fẹ́lẹ́ tó ń gbọ̀n yàtọ̀ sí kíìn-kíìn ti rọ́bà gbígbẹ. Oníṣẹ́ tó mọṣẹ́ lè ti ibi ìsínjẹ yìí yọ ìdajì ohun tó ń fura sí kúrò.

Lẹ́yìn náà, ìgbà wo ló ń dún? Ṣé ní òwúrọ̀ tí ẹ́ńjìnnì tutù ni, àbí lẹ́yìn tó gbóná? Ṣé nígbà tí éásì wà ní títàn? Ṣé nígbà tí èèyàn jókòó sẹ́yìn? Ṣé lẹ́yìn òjò? Eré mélòó ló wà lórí rẹ̀? Ṣé ọ̀nà dídán ni àbí ọ̀nà gbágungbàgun? Fóònù lè gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, kí oníṣẹ́ lè gbọ́ ọ bí ariwo náà bá kọ̀ láti dún lójú rẹ̀.

Ìbéèrè tó níye lórí jù lọ, pánẹ́ẹ̀lì-bítà ni kí a bi: kí ni ẹ tú, kí ni ẹ pààrọ̀, kí ni ẹ nà? Abèèrè-ọ̀nà kì í ṣìnà. Ohun tí ọwọ́ èèyàn ti kàn ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló yẹ ká kọ́kọ́ fura sí, kí a tó máa fura sí ohun tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn. Bí àwòrán bá wà tí wọ́n yà nígbà tí ọkọ̀ ṣì fọ́, ẹ mú un wá. Á fi ibi tí ìkọlù ti wọlé hàn, irin tó wà ní tààrà ibẹ̀ ni a ó sì kọ́kọ́ tọ̀.

Ìdánwò ojú títì

Ẹni méjì ló ń ṣe é: ọ̀kan á wakọ̀, èkejì á máa fetí sílẹ̀, á jókòó níwájú, lẹ́yìn náà á bọ́ sẹ́yìn. Ẹni tó ń wakọ̀ kò lè fetí sílẹ̀ dáadáa kó sì tún wo ọ̀nà dáadáa. Ẹ yan ọ̀nà tí ọkọ̀ kò pọ̀ sí, ẹ pa rédíò àti éásì, ẹ kó gbogbo ohun tó wà nínú búùtù kúrò, pàápàá jáàkì àti sípánà táyà.

Òfin ibẹ̀ ni pé ohun kan ṣoṣo la ń yí padà lẹ́ẹ̀kan. Ìṣirò kékeré kan á ràn wá lọ́wọ́. Táyà 195/65R15, tí ọ̀pọ̀ Corolla ń lò, ń rìn nǹkan bíi mítà méjì nígbà tó bá yí ẹ̀ẹ̀kan. Bí ọkọ̀ bá ń lọ ní kìlómítà 7 ní wákàtí kan, ìyẹn bí ẹni tó ń yára fẹsẹ̀ rìn, táyà á yí ẹ̀ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Ní 60, ó ti di nǹkan bí ẹ̀ẹ̀mẹjọ. Ẹ́ńjìnnì tó ń yí ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan ń yí àádọ́ta ìgbà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, etí kò lè ka ìyẹn. Nítorí náà, bí ẹ bá lè ka ariwo náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan nígbà tí ọkọ̀ ń rá, tó sì ń yára bí ọkọ̀ ṣe ń yára, ara táyà, díìsì tàbí ṣááfùtù ni kí ẹ wá a sí.

Ẹ mú ẹsẹ̀ kúrò lórí àkísílérétọ̀ nígbà tí ọkọ̀ wà lórí eré. Ẹ́ńjìnnì á rọlẹ̀, ṣùgbọ́n táyà á ṣì máa yí lọ. Bí ariwo kò bá yí padà, ẹ́ńjìnnì kọ́ ló sábà máa ń jẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ dúró, ẹ tẹ ẹ́ńjìnnì dé ìwọ̀n tó wà nígbà tó ń dún. Bó bá dún lórí ìdúró, ẹ wo fáànù tó ṣeé ṣe kó máa ha abọ́ rẹ̀, páìpù éásì, àti awẹ́ irin tó bo páìpù èéfín. Awẹ́ irin yẹn ló ń dún ṣẹẹẹrẹ ní ìwọ̀n kan ṣoṣo, tí á sì dákẹ́ bí a bá tẹ ẹ́ńjìnnì sí i.

Nígbà tí ẹ bá ń yíwọ́, ẹ rántí pé ìwúwo ọkọ̀ máa ń bọ́ sí òdìkejì. Bí wùùù bá le sí i nígbà tí ọkọ̀ ń yà sósì, bíárìn táyà ọ̀tún ló yẹ ká wò. Bí ó bá jẹ́ ká-ká-ká nígbà tí sítíárìn yí dópin tí a sì tẹ àkísílérétọ̀, ojú ṣááfùtù ni. Bí a bá fọwọ́ kan bíréèkì fẹ́rẹ́ tí ṣà-ṣà náà yí padà, ẹ wo abọ́ irin tó wà lẹ́yìn díìsì. Bó bá ti ká díẹ̀, ìka ọwọ́ tàbí sùkúdíráfà lè tẹ̀ ẹ́ padà láìná kọ́bọ̀.

Àpẹẹrẹ kan

Ká sọ pé Corolla kan wà tí danfó gbá ní igun ọ̀tún iwájú. Wọ́n pààrọ̀ fẹ́ńdà, wọ́n na irin tó gbé bọ́ńpà, wọ́n sì fi ẹsẹ̀ táyà ọ̀tún tòkunbọ̀ tí wọ́n rà ní ọjà Ládìpọ̀ rọ́pò èyí tó tẹ̀. Ó wá ń dún kọ̀-kọ̀. Mẹkáníìkì ní ṣọ́ọ̀kì ni.

Kí a tó ra ṣọ́ọ̀kì, ẹ jẹ́ ká bi í léèrè. Ní ọ̀nà dídán, kò dún, eré yòówù kó wà lórí rẹ̀. Nípa bẹ́ẹ̀, kì í ṣe bíárìn, kì í ṣe ṣááfùtù. Ní orí bọ́ńpù tí táyà iwájú méjèèjì jọ gùn lẹ́ẹ̀kan náà, kò dún. Ní kòtò kékeré tí táyà ọ̀tún nìkan wọ̀, ó dún. Ohun tí ìyẹn ń sọ ṣe kedere. Ọ̀pá irin kan wà tó so ẹsẹ̀ táyà ọ̀tún mọ́ ti òsì, kí ọkọ̀ má baà tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan jù. Bí táyà méjèèjì bá jọ gòkè, ọ̀pá náà kò ní iṣẹ́ kankan. Bí ọ̀kan bá gòkè tí èkejì kò gòkè, á lọ́. Ṣọ́ọ̀kì tó ti kú ì bá dún ní orí bọ́ńpù náà. Línkéèjì tó so ọ̀pá yìí mọ́ ẹsẹ̀ táyà la ó fura sí.

Ẹ tú línkéèjì méjèèjì kúrò, ẹ wakọ̀ náà jẹ́jẹ́ gba inú kòtò kan náà kọjá, níbi tí kò sí ọkọ̀. Bó bá dákẹ́, ẹ dá wọn padà. Bó bá tún dún, ẹ̀rí ti pé. Nínú àpẹẹrẹ wa, nọ́ọ̀tì línkéèjì ọ̀tún ni wọn kò fún mọ́lẹ̀ tó nígbà tí wọ́n ń to ẹsẹ̀ náà pọ̀. Wọ́n fún un, ó tán. Owó ṣọ́ọ̀kì méjì ló kù sápò ẹni tó ni ọkọ̀.

Ìdánwò orí ìdúró

Ohun tí ojú títì bá ti tọ́ka sí, ọwọ́ ló ń fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀. Nígbà tí a bá gbé táyà kúrò nílẹ̀, ẹ di òkè àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ mú, ẹ mì í. Bó bá mì, bíárìn tàbí bọ́ọ̀lù-jọ́ìntì ni. Ẹ di ọ̀tún àti òsì rẹ̀ mú, ẹ mì í. Bó bá mì báyìí nìkan, ọ̀pá sítíárìn ni kí ẹ wò. Ẹ fi ọwọ́ yí i, kí ẹ gbọ́ bóyá ó ń ha. Kí ẹnì kan yí sítíárìn nígbà tí ọkọ̀ wà nílẹ̀, kí ẹlòmíràn fọwọ́ lé sípíríìnì ṣọ́ọ̀kì. Bó bá ń fò lábẹ́ ọwọ́, rọ́bà orí ṣọ́ọ̀kì kò jókòó dáadáa.

Àwọn mẹkáníìkì wa ti mọ̀ tipẹ́ pé sùkúdíráfà gígùn ń gbé ohùn: ẹ fi ẹnu rẹ̀ kan ibi tí ẹ fura sí, ẹ fi etí ti ìdí rẹ̀. Ẹ jìnnà sí fáànù àti bẹ́líìtì, ẹ ká apá aṣọ sókè. Ẹ̀rọ wà lónìí tó ní máíkì mélòó kan tí a lè so mọ́ oríṣiríṣi ẹsẹ̀ ọkọ̀, tí a ó sì máa gbọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan nínú ọkọ̀ nígbà tó ń lọ. Ibi tó bá ti dún jù ni ilé ariwo.

Fún ìró atẹ́gùn tó ń súfèé lókè kìlómítà 80, téèpù tí àwọn tó ń kun ọkọ̀ fi ń bo gíláàsì tó. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ gbogbo ojú àlàfo: etí gíláàsì iwájú, etí ìlẹ̀kùn, àárín fẹ́ńdà àti bọ́nẹ́ẹ̀tì, láìdí ojú awakọ̀. Bí ìró náà bá lọ, ẹ ya téèpù náà kúrò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí tí á fi padà. Fún rọ́bà ìlẹ̀kùn, ẹ ti ìlẹ̀kùn mọ́ ìwé pélébé kan, ẹ fà á. Bó bá yọ láìsí ìdádúró kankan, rọ́bà kò bá irin pàdé níbẹ̀.

Rọ́bà tí wọ́n dè lófuurufú

Ìdí kan wà tí mo fẹ́ kí gbogbo ọ̀gá mẹkáníìkì àti ọmọọṣẹ́ wọn mú ní pàtàkì, nítorí ó wọ́pọ̀, kò sì hàn sójú. Apá irin tó di táyà mú láti ìsàlẹ̀, tí wọ́n ń pè ní lówà-áàmù, ní rọ́bà búṣìn tí bọ́ọ̀tù gba àárín rẹ̀ kọjá. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, rọ́bà yìí kì í yí, ó máa ń lọ́ ni. Bí a bá fún bọ́ọ̀tù náà pinpin nígbà tí táyà ṣì ń rọ̀ lófuurufú lórí jáàkì, ibi tí a dè é sí ló máa kà sí ìsinmi rẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ bá wálẹ̀, tí ìwúwo rẹ̀ jókòó, rọ́bà náà á wà ní lílọ́ tọ̀sán-tòru. Á máa dún kíìn-kíìn lórí bọ́ńpù, á sì ya kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé.

Ẹni tí kò mọ̀ á ní búṣìn ayédèrú ni wọ́n tà fún òun. Á ra òmíràn, á tún dè é bákan náà, ariwo á tún padà. Àtúnṣe rẹ̀ rọrùn: ẹ dẹ bọ́ọ̀tù náà, ẹ jẹ́ kí ìwúwo ọkọ̀ jókòó sórí táyà, lórí kòtò oníṣẹ́ tàbí orí àtẹ̀gùn irin, kí ẹ tó fún un pinpin.

Nígbà tó bá jẹ́ ara ọkọ̀ fúnra rẹ̀

Bí gbogbo ìwọ̀nyí bá dára, tí gbì ṣì ń dún nígbà tí a bá ti ẹ̀yìn bọ́ sí iwájú nínú gíà, ẹ wo síítì ẹ́ńjìnnì, lẹ́yìn náà férémù tí ẹ́ńjìnnì jókòó lé. Ẹ lọ sí ibi tí wọ́n ti ń fi kọ̀ǹpútà ṣe aláínmẹ́ńtì, kí ẹ sì gba ìwé èsì rẹ̀. Bí igun táyà ọ̀tún bá yàtọ̀ sí ti òsì púpọ̀, tí wọn kò sì lè tún un ṣe, ara ọkọ̀ kò tíì padà sípò. Ẹ ní kí pánẹ́ẹ̀lì-bítà fi téèpù ìwọ̀n wọ̀n ọ́n ní ìbú-ìdábùú, láti ihò iléeṣẹ́ kan sí èkejì, ní ọ̀tún àti ní òsì. Ohun tí àwọn oníṣẹ́ ìkọlù gbà láyè ni nǹkan bíi mílímítà mẹ́ta. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò sí ohun tí a lè rà ní ọjà tí yóò pa ariwo náà. Irin náà ni kí wọ́n padà nà.

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn

Pánẹ́ẹ̀lì-bítà á ní iṣẹ́ mẹkáníìkì ni, mẹkáníìkì á ní iṣẹ́ pánẹ́ẹ̀lì-bítà ni, rìwáyà á ní òun kò dé ibẹ̀. Ẹ má bá wọn jà. Ẹ mú ìwé tí ẹ kọ dání, ẹ ní kí ọ̀gá wọ ọkọ̀ tì yín, kí ẹ wà á lọ sí kòtò náà gan-an, kó dún sí i létí. Ariwo tí a gbọ́ pọ̀ kò ní ìjiyàn nínú mọ́.

Kí ẹ tó gba ọkọ̀ lọ́wọ́ oníṣẹ́, kí ẹ sì tó san owó ìkẹyìn, ẹ kọ́kọ́ wà á: ọ̀nà dídán, ọ̀nà gbágungbàgun, ìyíwọ́ ọ̀tún, ìyíwọ́ òsì, bíréèkì. Kí ẹ tó san owó ẹ̀yà kankan nítorí ariwo, ẹ bèèrè pé, “Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n rí i kó dákẹ́, kí n sì rí i kó padà.” Ẹ̀yin oníṣẹ́ náà, ẹ má ka ìbéèrè yìí sí ìwọ̀sí, nítorí ẹni tó bá lè fi ẹ̀rí dáhùn rẹ̀ ni ẹni tí a ó máa júwe fún ọ̀rẹ́ àti ará. Àtúnṣe ọkọ̀ kò parí lọ́jọ́ tí ọ̀dà gbẹ. Ọjọ́ tí ọkọ̀ náà bá lọ tó bọ̀ láìsí ariwo tí a kò mọ ìdí rẹ̀ ló tó parí.